Agbẹ̀bí Ẹja ní Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ kan wà tí òkìkí àpótí ẹja rẹ̀ kàn ju ti abẹ rẹ̀ lọ. Àárín dígí ńlá méjì tí àwọn oníbàárà fi ń wo orí ara wọn ló gbé e sí. Bó ti wù kí inú máa bí ènìyàn tó nígbà tó wọlé, tó bá ti jókòó síwájú àpótí yẹn, kí wọ́n tó fá ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan tán, ojú rẹ̀ á ti rọ̀.

Ẹja áńgẹ́lì méjì ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n pẹlẹbẹ bí àwo, wọ́n funfun, ìlà dúdú mẹ́ta já lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹ́ wọn sì gùn sókè, ó gùn sísàlẹ̀, bí aṣọ tí télọ̀ gbàgbé láti gé. Onígbàjámọ̀ sọ akọ ní Olóyè nítorí pé kì í yà fún ẹnikẹ́ni lọ́nà. Abo ń jẹ́ Aya Olóyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Aya Olóyè ti yé ẹyin sára páìpù tó ń fa omi, tí òun àti ọkọ rẹ̀ dúró tì í, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n yíjú padà, tí wọ́n jẹ ẹyin ọ̀hún mọ́ féfé bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

"Bàbá wèrè, ìyá wèrè," ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí kì í pa ọjọ́ ìfárùngbọ̀n rẹ̀ jẹ wí.

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Onígbàjámọ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún. Láti ìgbà tí àwọn ẹja náà kò tíì ju bọ́tìnnì lọ ló ti ń tọ́ wọn, ó sì ti ń fojú inú wo ọmọ wọn.

Àsìkò yẹn ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wá sílé.

Agbẹ̀bí ni Màmá. Ọdún méjìdínlógójì ló fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn kan kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó gbẹ̀bí wọn ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, ó sì tún gbẹ̀bí àwọn ọmọ náà. Nígbà tí iṣẹ́ tán, tí ilé pa lọ́lọ́ mọ́ ọn lórí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó wá lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ òun. Olùkọ́ ìṣirò ni ọmọ yìí, òun ni ìyàwó Onígbàjámọ̀.

Kò sí ìjà láàárín Onígbàjámọ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò kọjá, "Ẹ káàárọ̀ mà," "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?" "A dúpẹ́ mà." Ibẹ̀ ló máa ń gbẹ sí. Ẹ̀rù Màmá ń bà á. Màmá ní tirẹ̀ rò pé ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Màmá ti fọ gbogbo aṣọ fèrèsé, ó ti to ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó Onígbàjámọ̀ sì wá iyọ̀ títí, inú agolo tíì ló ti rí i.

"Ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi," ó ní, "ẹ máa mú Màmá dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá tún ilé tò lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní mọ ibi tí mo fi orí ara mi sí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Màmá ń bá àna rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ó jókòó sórí àga tó kángun sí àpótí ẹja, ó sì fi àpamọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan. Àwọn oníbàárà tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ kẹrin ni Màmá dìde lójijì, ó sún mọ́ gíláàsì, ó wọ jígí ojú rẹ̀.

"Ta ló ń tọ́jú aboyún yìí?"

Onígbàjámọ̀ dá kílípà dúró sí agbede orí ẹnì kan. "Aboyún wo, Màmá?"

"Ẹja yìí ń rọbí."

"Ẹja kẹ̀, mà?"

"Mo ti wo ojú ẹni tó ń rọbí fún ọdún méjìdínlógójì. Ẹ má bá mi jiyàn."

Kò sì jiyàn, torí kí wákàtí kan tó kọjá, Aya Olóyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹyin sára páìpù ní ẹsẹẹsẹ. Màmá dúró tì í títí ó fi parí, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Rọra, ìyá. Mí dáadáa. Ó kù díẹ̀." Ọkùnrin tó ń gẹrun lọ́wọ́ fi ìdajì orí gbàgbé ara rẹ̀, òun náà ń wò.

Ní ọjọ́ kejì, ẹyin ti di àwátì. Olóyè àti aya rẹ̀ ti yó, wọ́n ń rìn kiri bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Màmá yíjú sí i, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ sì jókòó tì wọ́n? Ẹ wo ibí ná. Kílípà ń ké, ẹlòmíràn ń fi ìka gbá gíláàsì, ẹni tó wọlé tó ń jáde ló ń yọjú sí wọn. Bí èmi náà bá bímọ sáàárín ojú títì, mi ò mọ ohun tí màá ṣe! Wọn kì í ṣe òbí burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọn ò ní yàrá ìbímọ."

Ìgbà tí Onígbàjámọ̀ tiẹ̀ máa ronú, ẹnu rẹ̀ ti là. "Màmá, a lè kọ́ ọ fún wọn."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Gbólóhùn tí wọ́n bá ara wọn sọ láàárọ̀ yẹn pọ̀ ju ti ọdún mẹ́sàn-án lọ.

* * *

Àpótí ìpàtẹ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Onígbàjámọ̀ máa ń to kóòmù àti páúdà sí nígbà kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ ṣì dára. Ó tú u, ó sì kó gíláàsì náà lọ bá onígíláàsì tó wà ní òdìkejì títì.

Ẹlẹgẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe onígíláàsì yìí, orúkọ náà kò sì bá a mu rárá. Ọkùnrin náà ga bí òpó iná, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, nígbà tó bá ń kọjá lọ́dọ̀ gíláàsì tó tò sínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ iṣẹ́.

"Wọ̀n ọ́n fún mi, kí n gé e," ni Ẹlẹgẹ́ wí.

Onígbàjámọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ kan, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì. Nígbà tí wọ́n kó o padà sí ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀, tí wọ́n tò ó jọ, ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì jókòó dáadáa sórí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kúkúrú kọ̀ láti wọ àárín wọn. Wọ́n yí wọn síbí, wọ́n yí wọn sọ́hùn-ún. Ẹlẹgẹ́ ní gíláàsì ló wú. Onígbàjámọ̀ ní bóyá ooru ni.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí olùkọ́ ìṣirò fi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wo gíláàsì, ó gbé ìwé sílẹ̀.

"Gíláàsì yìí nípọn àbí kò nípọn?"

"Ó nípọn," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Mílímítà mélòó?"

"Mẹ́fà," ni Ẹlẹgẹ́ wí.

"Mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó fẹ́ wọ àárín?"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Ẹlẹgẹ́ gbé irin ìgégíláàsì rẹ̀, ó gé mílímítà méjìlá kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ibo lẹ fẹ́ gbé e kà?" ni olùkọ́ tún béèrè.

Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ìyàwó ṣírò lójú ẹsẹ̀. "Omi tó máa wọnú rẹ̀ á wúwo tó Màmá."

"Tó ta ni?" ni Màmá bi í láti orí àga.

"Mo ní yóò wúwo díẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n wá tábìlì gidi.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, irú èyí tí kò ní oògùn ìpakòkòrò nínú, torí Ẹlẹgẹ́ mọ̀ pé ìyẹn máa ń pa ẹja. Wọ́n kọ ọ́ sára gọ́ọ̀mù náà pé kí ènìyàn fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Onígbàjámọ̀ kà á, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n ìwàǹwára kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹ ohun tó sè jinná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màmá tó dé, ó pọn omi kún inú àpótí. Omi dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló wà lórí àga, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n kún àgbọ̀n rẹ̀, nígbà tó ní, "Ọ̀gá, ṣé òjò ń rọ̀ nínú ilé ni?"

"Òjò báwo?"

"Bàtà mi ń mu omi."

Igun àpótí ti là. Omi ń tú yàà, ó gba abẹ́ tábìlì, ó ń wá ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, Onígbàjámọ̀ ń fi aṣọ ìnura nù ún, Ẹlẹgẹ́ sáré dé láti òdìkejì, ó yọ̀, ó fìdí jókòó sínú omi náà gbì. Ìgbà yẹn ni Màmá wọlé. Ó wo ọkùnrin mẹ́ta náà, ọ̀kan lórí àga pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n, ọ̀kan lórí eékún, ọ̀kan nílẹ̀.

"Omi ti dà," ni Màmá wí. "Ọmọ ò tíì dé, omi ti dà."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, awakọ̀ ní òun kò rí i rí láyé. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹnì kan á tún wo Ẹlẹgẹ́ tí omi ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀rín á tún bú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín lọ tán, iṣẹ́ kù. Gọ́ọ̀mù tó ti lẹ̀ kò ṣeé lẹ òmíràn lé lórí, àfi kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹlẹgẹ́ fẹ́ fi ọ̀bẹ rẹ̀ ha á.

"Rọra o," ni Onígbàjámọ̀ wí.

"Má dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù..." Ó rí Màmá, ó gbé ìyókù òwe náà mì.

"Ẹ parí ẹ̀," ni Màmá wí. "Kí lẹ rò pé èmi kò tíì rí?"

Ẹlẹgẹ́ kò parí ẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ojú tì í. Onígbàjámọ̀ wá mú abẹ tuntun, ó tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ gíláàsì, ó fi omi díẹ̀ rẹ gọ́ọ̀mù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Bó ṣe ń fá àgbọ̀n ènìyàn gẹ́lẹ́ ló ṣe fá a, tó ń tẹ abẹ sílẹ̀, tó ń fà á lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, tó ń nù ún sára aṣọ. Gọ́ọ̀mù ń ká kúrò bí èèpo ọsàn. Kò sí ibi kan tó gbọgbẹ́ lára gíláàsì. Màmá ti fi àga sún mọ́ ọn láìmọ̀.

"Ọwọ́ yín dára," ó ní.

Onígbàjámọ̀ tún ibi tó ti fá tẹ́lẹ̀ fá.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá gbé àga rẹ̀ sáàárín àpótí àti garawa omi, ó ní ẹni tó bá fẹ́ pọn omi kọjá òun kó wá. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ àpótí, wọ́n pọn omi sí i, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìwé ìròyìn gbẹ táútáú. Wọ́n kan sáárá sí ara wọn.

Ó ku bí wọn yóò ṣe máa fọ omi mọ́. Ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí ńlá lè fa ọmọ ẹja wọlé, kó sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Onígbàjámọ̀ gé fóòmù kan ní ìwọ̀n ìkúùkù, ó gún ihò sí àárín rẹ̀, ó ti ọ̀pá rọ́bà kékeré bọ̀ ọ́, ó sì so rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ń hó gba inú ọ̀pá lọ sókè, omi ń gba ara fóòmù wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí sì ń dúró sára fóòmù, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja kankan kò lè há sí i. Màmá kò jẹ́ kí ọṣẹ kan fóòmù náà. Wọ́n fi í sínú àpótí Olóyè fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè mọ́ra pẹ̀lú omi náà. Wọ́n sì fi táìlì dúdú kan gbára lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà ní ìdagun, pé bóyá Aya Olóyè á fẹ́ ibẹ̀ ju páìpù lọ.

Ó fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó to ẹyin sára táìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ pa kílípà," ni Màmá wí.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí Aya Olóyè ṣe tán, Onígbàjámọ̀ ti abọ́ jíjìn bọ inú omi, ó gbé táìlì sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹyin rí afẹ́fẹ́, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú àpótí tuntun tí wọ́n ti pọn omi Olóyè kún. Olóyè gbá a lọ́wọ́ ní ìrù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Onígbàjámọ̀ bẹ̀ ẹ́, "à ń bọ̀ wá jíhìn fún yín." Ó gbé fóòmù náà síbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Màmá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú kán oògùn aláwọ̀ aró díẹ̀ sí i kí èbu má bàa mú ẹyin.

Ó ṣí ìwé kan. Ó kọ déètì, ó kọ aago, ó kọ "Ìyá: Aya Olóyè. Ẹyin: igba ó lé mọ́kànlá."

"Màmá, ẹ kà á?"

"Ẹ̀yin kò kà á? Kí lẹ wá ń wò láti ọ̀sán?"

Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn kan funfun nínú ẹyin náà, ìyẹn àwọn tó ti kú. Onígbàjámọ̀ fi ohun tó fi ń tu irun inú imú yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bó ti ń ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i pé táìlì náà ń mì. Ó súnmọ́ ọn. Táìlì kọ́ ló ń mì. Ìrù ni, ìrù tíntìntín tó tín-ín-rín ju irun lọ, ìrù tó lé ní àádọ́jọ, tí gbogbo wọn ń jà fìrìfìrì lórí ibi tí wọ́n lẹ̀ mọ́.

Ó yíjú sí Màmá tó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Màmá wo ojú rẹ̀, ó ti mọ̀. Ó wọ jígí rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí àna rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń bọ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ẹ kú oríire," ó ní. "Ìyá àti ọmọ wà láàyè."

* * *

Ọjọ́ karùn-ún sí i ni wọ́n kúrò lára táìlì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Ṣe ni wọ́n dà bí ìkùukùu kékeré nínú omi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé. Ẹnu wọn kò gba oúnjẹ ẹja ńlá. Màmá se ẹyin adìẹ, ó mú pupa rẹ̀, ó fún un gba inú aṣọ tín-ín-rín, ó kán ẹ̀kán méjì péré sínú omi. Àwọn ọmọ ẹja dà bò ó. Ikùn wọn wú, ó pọ́n, ó hàn gbangba nínú ara wọn.

"Ẹ̀kán méjì láàárọ̀, ẹ̀kán méjì nírọ̀lẹ́," ni Màmá wí. "Ẹ má fi kún un."

Ọjọ́ Àìkú, Màmá kò jáde. Onígbàjámọ̀ nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ bọ́ wọn. Ó kán ẹ̀kán méjì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì tún wá síwájú gíláàsì, ó dà lójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń tọrọ sí i. Ta ló lè kọ̀ fún wọn? Ó tún kán méjì. Ó tún kán mẹ́rin. Nígbà tó fi máa lọ sílé, ẹyin adìẹ náà ti tán.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, omi àpótí funfun bí wàrà, ó ń rùn. Àwọn ọmọ ẹja sùn sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọn kò mira.

Nígbà tí Màmá dé, ó bá ilẹ̀kùn iwájú ní títì. Ó gba ẹ̀yìn wọlé. Àna rẹ̀ jókòó sórí àga oníbàárà, ó kọjú sí dígí, kò tan iná.

"Èmi ni mo pa wọ́n, Màmá. Ẹ sọ fún mi. Ẹ̀kán méjì lẹ ní."

Màmá wo àpótí. Kò bá a wí. Ó gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó.

"Ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́," ó ní, "ọmọ kan kú sí mi lọ́wọ́. Mo lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, ṣùgbọ́n mo pẹ́ kí n tó pe àgbà. Mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, mo sunkún títí. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa wá bá mi níbẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró títí mo fi sunkún tán, ó wá ní, 'Wẹ ọwọ́ rẹ. Obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà.' Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọmọ mi rí."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí i.

"Dìde, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Tan iná. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kú. Ojú mi ò dára mọ́, ṣùgbọ́n mo rí èyí tó ń jà ní igun yẹn. Lọ wá rọ́bà kékeré, kí o fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ yẹn jáde."

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń fi "ẹ̀yin" pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ pé "kí o". Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ, ó dìde.

Wọ́n fi rọ́bà fa ìdọ̀tí síta. Wọ́n dín omi burúkú kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi omi mímọ́ láti inú àpótí Olóyè rọ́pò rẹ̀, ẹ̀kán lẹ́yìn ẹ̀kán, títí di ọ̀sán. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta, ó wò wọ́n, ó bọ́ kóòtù, ó bá wọn gbé garawa. Nígbà tí omi mọ́, Màmá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló kù láàyè.

Olùkọ́ ìṣirò ló ra oúnjẹ tó dára jù fún wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ẹyin edé wínníwínní ni, ó gbẹ bí iyanrìn, ènìyàn ló máa pa á fúnra rẹ̀ kó tó di edé. Ó gé ìdí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó da orí rẹ̀ kodò, ó da omi àti ẹyin náà sí i, ó wọn iyọ̀ fún un bó ti yẹ, wọ́n fi afẹ́fẹ́ hó o, nígbà tó di ọjọ́ kejì, inú ike náà ń rìn yìnyìn pẹ̀lú edé tí kò ju àmì ìparí gbólóhùn lọ. Edé wọ̀nyí wà láàyè, wọn kì í tètè ba omi jẹ́, àwọn ọmọ ẹja sì ń lé wọn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń lé bọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà náà, ìdàgbàsókè wọn kò ṣeé dá dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹ́ gùn sókè, ìyẹ́ gùn sísàlẹ̀, ìlà dúdú yọ. Ẹni tó wá gẹrun ń tọrọ pé kí wọ́n gbé àga òun kọjú sí àpótí kékeré. Ẹlẹgẹ́ ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ni òun kọ́ ilé wọn, kò sì dárúkọ mílímítà méjìlá. Olóyè àti aya rẹ̀ gan-an ń wo òdìkejì láti inú àpótí wọn. A kò mọ̀ bóyá ọmọ ni wọ́n ń wò, àbí oúnjẹ.

Nígbà tó di pé Màmá fẹ́ padà sílé rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fẹ́ gbé lọ. Onígbàjámọ̀ àti Ẹlẹgẹ́ ti kọ́ àpótí mìíràn fún un, wọ́n yọ ti nínípọn gíláàsì kúrò, wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ gbà láti gbé wọn lọ lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì òfìfo náà, àpótí gbára lé tìmùtìmù, Ẹlẹgẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe odi fún un. Màmá jókòó níwájú, ó gbé garawa sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ ẹja mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá ti kan kòtò báyìí, Màmá á ní, "Awakọ̀, aboyún lo gbé o!" Awakọ̀ á ní, "Wọ́n ti bí i, mà!" Màmá á ní, "Ọmọ tuntun náà ń kọ́? Rọra."

Wọ́n gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Màmá máa ń jókòó sí. Onígbàjámọ̀ ti fóòmù bọ̀ ọ́, ó ń fi ọ̀pá rọ́bà fa omi sí i, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún wò ó. Kí wọ́n tó tú ẹja sílẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta láti ilé kejì ti wọlé wá kí Màmá káàbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ ọwọ́. Màmá gba ọmọ náà, ó gbé e sún mọ́ garawa kó lè rí ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn bí Aya Olóyè ṣe rọbí. Ó sọ ọ́ dé ibi tí Ẹlẹgẹ́ ti fìdí jókòó sínú omi, Ẹlẹgẹ́ dá ẹ̀bi náà lé bàtà.

"Ta lẹni tó ń fa omi yẹn?" ni ìyá ọmọ béèrè.

"Ọmọ mi ọkùnrin ni," ni Màmá wí. "Ọwọ́ rẹ̀ dára. Bí o bá ti lóyún mìíràn, sọ fún mi."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí omi dà sí bàtà awakọ̀.